Ẹ Yé Parọ́ fún Dókítà Yín

Páálí oògùn 31 ni mo kà jáde nínú báàgì Ghana-must-go kan lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ní yàrá àbúrò mi kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, Lọ́ńdọ̀n. Amlodipine 14, losartan 10, indapamide 7, oògùn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gíga ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo wọn. Páálí kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí nínú wọn, hóró mẹ́rin ló sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ni báàgì kò sí nílé. Ó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan bí ọrùn bùbá tí télọ̀ bàjẹ́. Ẹni ọdún 54 ni. Nígbà tí àwọn oníáńbúláǹsì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ kíṣìnì, 218 lórí 124 ni wọ́n bá.

Ìyàwó rẹ̀ ló rán mi pé kí n lọ bá wọn mú aṣọ àwọ̀sùn àti ṣájà fóònù wá. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá báàgì pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má wulẹ̀ máa mi orí, ẹ má máa sọ pé "Ó mà ṣe o." Ẹ dìde ná, kí ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tiyín.

N kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú lónìí. Láti 1979 ni mo ti wà ní Peckham yìí. Mo wa bọ́ọ̀sì 36 títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí irọ́ tí èrò ọkọ̀ kò pa fún mi rí: owó ti já bọ́ lápò òun, ọmọ òun kò tíì pé ọdún márùn-ún, òun ti sanwó nínú ọkọ̀ iwájú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi rẹ́rìn-ín. Irọ́ tí àwa ọmọ Yorùbá ń pa nínú yàrá GP ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Dókítà á béèrè pé ṣé ẹ ń lo oògùn yín. Ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó tẹrí ba díẹ̀, ẹ ó ní, "Lójoojúmọ́ ni, dókítà. Mi ò fi í ṣeré rárá. Olúwa á bù kún yín." Ẹ ó wá jáde síta, ẹ ó gba páálí tuntun ní kẹ́míìsì, ẹ ó lọ tò ó lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí.

Kí ni ẹ rò pé dókítà ń fi irọ́ yẹn ṣe? Iṣẹ́ ló ń fi ṣe. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí báàgì. Amlodipine nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún àbúrò mi, miligíráàmù 5. Ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìfúnpá kò wálẹ̀. Dókítà kì í ṣe babaláwo tí yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó tó mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bi í, ọkùnrin náà ní òun ń lò ó. Ó di pé oògùn ni kò tó: wọ́n sọ 5 di 10, wọ́n fi losartan kún un. Oṣù mẹ́ta tún kọjá, kò wálẹ̀. Wọ́n fi indapamide lé e, èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ iyọ̀ ara dànù. Bí ìlànà wọn ṣe wí náà nìyẹn, wọ́n ń gùn ún bí àkàbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí páálí fi jẹ́ 14, 10 àti 7. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan kò dé inú rẹ̀ bó ti yẹ. Irọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Ìyá kan sì wà ní ìhà Queens Road tí tirẹ̀ gba ọ̀nà kejì. Òun náà ti fi "bẹ́ẹ̀ ni, dókítà" kó oògùn mẹ́ta jọ sínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti Manchester dé, ó rí wọn, ó fìbínú kà wọ́n sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kíkún, ó dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Kò pẹ́ rárá tí òòyì fi kọ́ ìyá ní balùwẹ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí dá. Ẹ má bú ọmọ náà. Ìwọ̀n tó wà lára páálí ló tẹ̀ lé. Irọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi wọn ìwọ̀n ọ̀hún.

Mo mọ ibi tí hóró mẹ́rin inú páálí yẹn lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ rí dókítà ni ẹ ń gbé ẹyọ kan mì, kí ìfúnpá lè dára lójú ẹ̀rọ. Ẹ ò tilẹ̀ mọ irọ́ pa. Amlodipine kì í sáré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ara, ó tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kún ara débi tí ẹ ó ti rí iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀. Ẹyọ kan láàárọ̀ ọjọ́ kan dà bí ẹni da ife omi kan sí oko àgbàdo nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní Leicester, wọ́n ti ní ilé àyẹ̀wò kan tó ń bá a láti inú ìtọ̀: ẹ tọ̀ sínú ike, ẹ̀rọ yóò sọ oògùn ìfúnpá tó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí. Nínú àwọn 208 tí wọ́n kéde àyẹ̀wò wọn ní 2014, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni kò lo oògùn tí wọ́n kọ fún un rárá, tàbí kó jẹ́ apá kan rẹ̀ ló lò. Nítorí náà kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń parọ́. Ṣùgbọ́n ìwé mi kò dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, ẹ̀yin ni mo rí bá wí.

Ẹ ní kò sí ohun tó ń ṣe yín. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìfúnpá gíga kì í ṣe ibà tí ń gbọ̀n ni, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹ ó máa fi ìdí kan jókòó. Ó lè wà lára ẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa sọ òpó ẹ̀jẹ̀ di líle, kó máa jẹ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀, kí ẹni náà sì máa jó lálẹ́ Sátidé ní gbọ̀ngàn Old Kent Road kí wọ́n máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe Panadol tí à ń mu tí orí bá ń fọ́. Ọjọ́ tí ara yín le gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti 1995 ni àwọn King's College London ti ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lù ní apá àríwá Lambeth àti Southwark sílẹ̀, Southwark tiwa yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń kọ lu àwa dúdú ju àwọn funfun lọ, ó sì ń dé bá wa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú tiwọn. Ẹni ọdún 54, mo ti sọ ọ́.

Ẹ má rò pé orí òkè ni mo dúró sí. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé amlodipine tèmi dé 10, ọrùn ẹsẹ̀ mi wú. Ó wú débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn sílẹ̀ bí iyán tí wọ́n fi ìka tọ́. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́nà, bàtà aláwọ̀ ejò tí mo rà fún un kò gbà mí mọ́. Mo bá sọ oògùn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún dókítà. Mo wọ bàtà mi, mo jó. Nígbà tí wọ́n bi mí ní ilé ìwòsàn, mo dáhùn bí ẹ ti ń dáhùn. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú kẹ́míìsì ló mú mi. Kò bi mí pé ṣé mo ń lò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Ìbéèrè yẹn ká mi mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀ẹ̀meje. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kọ̀wé sí dókítà. Wọ́n dín amlodipine kù sí 5, wọ́n fi losartan tì í, ẹsẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí mo ti lè gbà pẹ̀lú gbólóhùn kan, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tafà sí ẹ̀mí ara mi nítorí bàtà.

Ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ikọ́ gbígbẹ tí àwọn oògùn ìfúnpá bíi ramipril àti lisinopril ń fà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ó fi rọ́pò rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ètè tàbí ahọ́n ló ṣàdédé wú lórí ramipril, ìyẹn kì í ṣe ohun à ń dúró de dókítà lọ́la fún, 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwa dúdú ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo èyí ní àtúnṣe, àfi èyí tí ẹ bá gbé mì.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ èyí tí ẹ ń bò. Ẹ ní oògùn náà ń mú agbára lọ ní yàrá. Àwọn kan nínú àwọn oògùn ìfúnpá àtijọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá gíga fúnra rẹ̀ ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ju bí oògùn ṣe ń ṣe é lọ. Oògùn mìíràn wà tí kì í dí yín lọ́wọ́. Dókítà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin tó ju èrò bọ́ọ̀sì lọ. Ojú kò ní tì í. Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ràn láti lọ ra búrántáṣì lọ́wọ́ onísúyà, èyí tó ń ti ìfúnpá sókè, kí ẹ tó la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń sọ nínú ilé onídìrí gbogbo ní Rye Lane, pé oògùn tí àwọn òyìnbó ń fún àwa dúdú yàtọ̀ sí tiwọn. Òótọ́ ni. Ìwé ìlànà tí àjọ NICE kọ fún NHS ní 2019 sọ ọ́ gbangba: bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Áfíríkà tàbí Caribbean dúdú tí ẹ kò ní àtọ̀gbẹ, amlodipine tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n ó fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Òyìnbó tí kò tíì pé 55, ramipril, losartan tàbí irú wọn ni tirẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fún wa ní gbàǹjo, àtèyí àtọ̀hún ni kò wọ́n. Ohun kan wà tí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, renin lorúkọ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wa, ó máa ń kéré, ọ̀nà rẹ̀ sì ni ramipril ń gbà ṣiṣẹ́. Bí ọ̀nà bá ti tóóró, oògùn tó ń gba ibẹ̀ kò ní rìn jìnnà lóun nìkan. Wọ́n á wá fi í kún amlodipine nígbà tó bá yá.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àwọ̀ díwọ̀n oògùn. Àwọ̀ kọ́ ni kíndìnrín, Yorùbá pàápàá kì í ṣe ara kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni dókítà yóò fi mọ̀ pé ìlànà yẹn kò bá ara tiyín mu? Kí ẹ lo oògùn, kí wọ́n wọn yín, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Ẹni tí kò lò ó, tó ní òun lò ó, ló ń sọ fún dókítà pé amlodipine kò ran Yorùbá. Ẹ ti di ẹlẹ́rìí èké sí ara yín.

Àwọn ìyókù yín á ní inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, kò sí ohun tí a lè ṣe. Ta ló sọ fún yín? Ní 1997, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn tó ju 10,000 lọ, gbogbo wọn ọmọ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ará Ìbàdàn àti agbègbè Igbó-Ọrà tiwa sì wà nínú rẹ̀. Nínú 100 àgbà ní Nàìjíríà àti Cameroon, 16 ló ní ìfúnpá gíga. Ní erékùṣù Caribbean, ó di 26. Ní etí ìlú Chicago, ó di 33. Ìran kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ohun tó ń pọ̀ sí i bí a ti ń kúrò nílé ni sísanra, iyọ̀, àìsùn àti wàhálà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣífíìtì alẹ́ mẹ́ta ní ilé àwọn arúgbó, tí ẹ ń fi kúùbù Maggi mẹ́rin sebẹ̀ ìkòkò kan, tí ẹ tún ń fi káún sí ilá (iyọ̀ kan náà ni káún ń dà sára yín, orúkọ ló yàtọ̀), tí ẹ wá ń fi ibuprofen pa orúnkún lálẹ́ kí ìfúnpá lè tún gbéra sí i, ẹ má di í ru baba ńlá yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, ti kọ odindi ìwé lórí ìfúnpá gíga nínú ara ọmọ Áfíríkà ní 1972, ó sì ń kígbe rẹ̀ títí ó fi kú ní 2020. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní Heathrow.

Ẹni tó ń mu àgbo ńkọ́? Mo mọ àwọn tó ń tà á, mo mọ ìgò tí wọ́n ń rọ ọ́ sí. N kò ní sọ pé ewé kò ṣiṣẹ́. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti igi Íńdíà tí wọ́n yọ reserpine jáde lára rẹ̀ ní 1952, reserpine sì wà lára àwọn oògùn ìfúnpá tí gbogbo ayé kọ́kọ́ lò. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń mú inú àwọn kan bàjẹ́ débi tí ẹ̀mí wọn fi sú wọn. Captopril, àgbà ìdílé ramipril, inú oró paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti rí ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Brazil kan, Sérgio Ferreira, ló gbé oró ejò náà wá sí Lọ́ńdọ̀n níbí, sọ́dọ̀ John Vane, láàárín àwọn ọdún 1960. Nítorí náà ẹ yé sọ fún mi pé ewé ni tèmi, kẹ́míkà ni tòyìnbó. Ewé àti ejò náà ni tòyìnbó, wọ́n kàn wọ̀n ọ́n. Ìṣòro àgbo yín ni pé ó lè ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ó mu ún lé amlodipine, ìfúnpá á já lulẹ̀. Ẹ ó fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, á gun òkè. Dókítà á máa wo nọ́ńbà tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ ó sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni ìyẹn náà. Ẹni tó dákẹ́ nípa àgbo parọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí lókùúta. Èmi náà ń wọ aṣọ funfun. Ní 2013, ilé ẹ̀kọ́ gíga Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú ní Southwark nìkan, wọ́n bá 240. Mo gba ìwòsàn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí arábìnrin kan bá dìde jẹ́rìí pé Olúwa ti gba BP lọ́wọ́ òun, tí ó da oògùn sórí pẹpẹ, tí gbogbo wa ń pariwo Halelúyà, ta ló wọ̀n ọ́n? Jésù alára ní kí adẹ́tẹ̀ lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà. Ẹ̀rọ ìfúnpá kò ju bíi £25 lọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì 240 yẹn ra ọ̀kan, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ọrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí, kó kọ́kọ́ na apá.

Mo ti fẹ́ẹ̀ fi ìdí báàgì yẹn pamọ́ fún yín, nítorí ó dùn mí. Ní ọjọ́ kẹta tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu àbúrò mi díẹ̀díẹ̀, mo bi í pé kí ló dé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó pè. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹ̀gbọ́n náà wà, òun náà ní ìfúnpá gíga. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà ní 2023, tí náírà sì ṣubú, oògùn ti di ohun tí ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀ rà. Ọkùnrin yìí ń kó oògùn tirẹ̀ jọ fún un. Kérésì èṣí ni ìbá ti fi ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ bá a gbé e ní kílò òun ti pé.

Ẹ wò ó bí ìfẹ́ ṣe ń pa ènìyàn. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń di báàgì lọ sí Èkó ń fi oògùn NHS sáàárín aṣọ. Inú mi rọ̀ fún un. Mo tún bá a wí lórí ibùsùn ibẹ̀, ó sì ń sunkún. Mo ní: ìwọ, ta ló wọn ìfúnpá ẹ̀gbọ́n rẹ? Ta ló yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò kó tó lo losartan? Ta ni yóò yẹ potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó bá gbé indapamide mì? Ìwọ tí o ní orúkọ lára páálí kò lò ó, ẹni tí kò ní orúkọ níbẹ̀ ni yóò lò ó. Mo tún bá a ṣírò owó. Kò tíì pé 60, nítorí náà £9.90 ló ń san lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí 31 jẹ́ £306.90. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ dín owó tirẹ̀ kù, ìwé àsansílẹ̀ ọdún kan wà tí kò ju £114.50 lọ, iye oògùn yòówù kó gbà. Èyí tó kù ni ìbá fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rí dókítà, kó fi ra tirẹ̀ tó bá ara rẹ̀ mu. Ó ní òun kò ronú bẹ́ẹ̀. Mo ní bóo ni wàá ṣe ronú bẹ́ẹ̀, nígbà tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé báàgì náà lọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè fún ẹlòmíràn ní oògùn tó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ṣí i. Wọ́n ó run ún ni. Bí mo ti dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan lára wa ń gba oògùn tirẹ̀. Ọmọ ilé ìtajà bi í pé ṣé kò sí wàhálà pẹ̀lú èyí tó gbà kọjá. Ó ní kò sí wàhálà rárá. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, ó gbé ojú kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40, ẹ wọ kẹ́míìsì lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò nílò àdéhùn. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn fún, ẹ ní kí oníkẹ́míìsì jókòó bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ tí NHS ń sanwó rẹ̀ fún un ni. Ẹ̀yin tí báàgì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo rẹ̀ mì lálẹ́ òní bí ìyá Queens Road. Ẹ pe GP láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sọ gbólóhùn yìí gẹ́lẹ́: "Dókítà, mi ò lò ó." Kò ní bú yín. Èmi ni mo ń bú yín, mo sì ti bú yín tán.